Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Ìwé Dúró Sí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ́kọ́ yí ìwé padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ ó rà á, ẹ má rò pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí ibẹ̀ kàn jókòó, ó sì kọ ọ́ wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kan wà tó gba Sátidé mẹ́rin, tó gba omijé, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da àárín ọkọ àti ìyàwó rú kí wọ́n tó di ọkọ àti ìyàwó rárá. Ẹgbẹ́dá ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1991, nílé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Múyì.

Ọmọ́ṣọlá ló ń to lẹ́tà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìn òkú àti rìsíìtì ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé ìwé ìtàn àròsọ wọlé, Ọ̀gá Múyì fúnra rẹ̀ dìde gbà á. Wándé lorúkọ ọkùnrin náà, olùkọ́ ni ní abúlé kan lẹ́bàá Akínyẹlé. Ìwé olójú ìlà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ló fi kọ ìtàn rẹ̀, mẹ́fà gbáko, ó sì fi okùn dì wọ́n pọ̀.

Ọmọ́ṣọlá kó ìwé náà lọ sílé, ó kà á, ó sì sunkún. Lọ́jọ́ kejì ló wá mú bébà tí Wándé kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ti ìbínú ni ti ọ̀tẹ̀ yìí. Ojú ewé méjì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́ fún Mẹ́talọ́kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, ó ka orúkọ ènìyàn mọ́kànlá tó wà nínú ìtàn, ó sọ ohun tó gbẹ̀yìn olúkúlùkù wọn, ó wá fi ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ìtàn náà kọ́ wa kádìí rẹ̀.

Nígbà tí Wándé padà wá ní Sátidé, Ọmọ́ṣọlá gbé bébà náà síwájú rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ta lẹ rò pé yóò ra ìwé yìí?"

"Ẹni tó bá ka ẹ̀yìn rẹ̀ ni," Wándé dáhùn.

"Ẹni tó bá ka ẹ̀yìn rẹ̀ ti kà á tán. Ó kù kó kí yín pé ẹ kú iṣẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Wándé, kò sì fi pamọ́. Ó ní ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì lòun, bí wọ́n sì ṣe tọ́ òun nìyẹn. Bí èèyàn bá dìde jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dé ìparí, nítorí ẹni tó bá dá ẹ̀rí dúró lágbedeméjì ń fi ògo Ọlọ́run pamọ́ ni. Ọmọ́ṣọlá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ kan náà lòun pẹ̀lú, bàbá rẹ̀, Alàgbà Lazarus, gan-an ló sì máa ń darí àkókò ìjẹ́rìí ní Ẹgbẹ́dá. Bí arábìnrin kan bá sọ pé ọmọ òun ṣàìsàn, tó wá fẹ́ jókòó láìsọ bí ara ọmọ ṣe yá, Alàgbà ló máa pàṣẹ pé kó parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni tó gbé ìjẹ́rìí lọ sí ẹ̀yìn ìwé rí.

"Ẹni tó ti rí oore gbà ló ń jẹ́rìí," ó ní. "Ẹni tó dúró nídìí àtẹ ìwé kò tíì gba nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ebi kọ́kọ́ pa á."

Wándé wò ó títí. Ó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún méje, kò sí ẹni tó ti kọ́ òun náà lẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi í léèrè ohun tó yẹ kóun ṣe.

Ọmọ́ṣọlá mú un lọ sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn obìnrin mẹ́fà méje sì máa ń jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n á máa bẹ ẹ́ fún gàrí. Ó ní òun máa ka ọ̀rọ̀ náà fún wọn, kí Wándé má ṣe wo ojú wọn, nítorí ojú obìnrin Ẹgbẹ́dá a máa kí èèyàn kú iṣẹ́ láìdénú. Ọwọ́ wọn ni kó máa wò. Bí ọ̀bẹ bá ń lọ, ọ̀rọ̀ kò tíì mú wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀bẹ kankan kò dúró. Ẹnì kan tilẹ̀ yíjú sí ẹlòmíì láàárín ìwé kíkà, ó bi í pé èló ni ata lọ́jà Ẹrẹ́nà. Wándé họ orí, ó lọ, ó gé orúkọ ènìyàn mẹ́sàn-án kúrò. Ní Sátidé kejì, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ìparí ló fa wàhálà. Àgbà inú wọn, Ìyá Mùsílímátù, sọ fún un jẹ́jẹ́ pé bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lòun ń wá, òun ní ọkọ nílé, ojoojúmọ́ ló ń kọ́ òun. Wándé gé ẹ̀kọ́ kúrò. Ní Sátidé kẹta, ó yọ ọpẹ́ àti ọ̀gá iléèwé, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹnì kan ṣoṣo àti ìṣòro kan ṣoṣo. Ọ̀bẹ méjì falẹ̀ díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra ẹ̀pà sísè fún gbogbo ilé ìtẹ̀wé.

Láàárín àwọn Sátidé wọ̀nyí, bí Ọmọ́ṣọlá ṣe ń sin ín lọ sí ibùdókọ̀ ni ìrìn náà ń gùn sí i. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún di ìdajì wákàtí, ọkọ̀ á sì kọjá lójú wọn lẹ́ẹ̀mẹta kí Wándé tó rántí pé òun ń lọ sílé. Ọmọ́ṣọlá ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ìwé ni òun fẹ́ràn ni àbí ẹni tó kọ ọ́. Ó mọ ìdáhùn, ojú ń tì í láti dáhùn ni.

Ó ku ìparí ọ̀rọ̀ náà. Wándé kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, gbogbo ibi tó bá gé e sí ló dà bíi pé ó yẹ kó sọ díẹ̀ sí i. Ọmọ́ṣọlá wá mú bébà náà lọ sílé, ó kọ ìparí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Sátidé kẹrin, ó dúró níwájú àwọn obìnrin, ó kà á báyìí:

"Lọ́dún tí òjò kò tètè rọ̀, Oyèkúnlé sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá. Lónìí, Oyèkúnlé gbé àpò iṣu léjìká, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn kan tí kò kàn rí. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọdé nínú ilé. Ó gbé ọwọ́ sókè."

Ó ká bébà náà. Gbogbo ọ̀bẹ ló dúró. Ìyá Mùsílímátù bi í pé, "Ó kàn án àbí kò kàn án?" Ọmọ́ṣọlá ní inú ìwé ló wà. Ìyá ní ọmọ burúkú ni, ó sì bèèrè ìgbà tí ìwé yóò jáde.

Wándé kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo kọ ìtàn," ó sọ fún un lójú ọ̀nà, "ìwọ lo mọ ibi tó ti ń dunni jù." Ibẹ̀ ló ti sọ pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Ọmọ́ṣọlá gbà, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ohun kan wà tí kò sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà, Olúyínká, tó fẹ́ káfíńtà kan tó ń jẹ́ Roheem ní Ọlọ́runṣògo. Mùsùlùmí ni Roheem. Alàgbà Lazarus kò fọwọ́ sí i, nígbà tí Olúyínká sì lọ lọ́dún 1985, bàbá ní kó má padà wá mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ìyá wọn, Gbọ́njúbọ́lá, nìkan ló máa ń yọ́ lọ kí i, tí á sọ pé ọjà lòun lọ. Ìtìjú ilé ni, Ọmọ́ṣọlá kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ fún olólùfẹ́.

Bébà gbówó lórí lọ́dún náà àti èyí tó tẹ̀ lé e, ìwé náà kò tètè jáde. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í dúró de bébà. Lọ́dún 1992, Wándé lọ bá Ìyá Gbọ́njúbọ́lá pé kó ṣe alárinà fún òun. Ìyá fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti jẹun tán, bí ọlọ́gbọ́n obìnrin ṣe ń ṣe.

Alàgbà bèèrè iṣẹ́ ọmọkùnrin náà. Ìyá ní olùkọ́ ni, bàbá ní ó dára. Ìyá ní ọmọ ìjọ wa ni, bàbá ní ó dára púpọ̀. Ìyá ní ó tún ń kọ ìwé ìtàn. Bàbá bèèrè pé ṣé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni, Ìyá, tí kì í purọ́, sì ní èyí tó fi orí ara rẹ̀ rò ni.

"Gbọ́njúbọ́lá," ni Alàgbà wí, "ẹni tó lè jókòó sílé kó máa hun ènìyàn tí Ọlọ́run kò dá, irọ́ wo ni kò ní lè pa fún ìyàwó? Ọmọ kan ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò ní fa ìkejì lé òpùrọ́ lọ́wọ́."

Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá gbọ́, ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó rò ó síwá sẹ́yìn. Ó lè lọ bí Olúyínká ṣe lọ. Ọ̀nà Akínyẹlé kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ó ń rí ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń ka àwo oúnjẹ lọ́jọ́ ọdún tí á sì gbé ọ̀kan padà síbi tó ti mú un. Òun kò ní jẹ́ kí àwo náà di méjì. Ó sọ fún Wándé pé bàbá òun kọ̀, òun kò sì ní fẹ́ ẹ láìsí ọwọ́ bàbá òun níbẹ̀. Ó ní bó bá rẹ̀ ẹ́, kó máa lọ, òun kò ní bínú. Wándé ní kò rẹ òun. Ó padà sí Akínyẹlé, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó ń dúró.

Ó fi odidi ọdún kan dúró. Nígbà tí ìwé jáde ní ìparí ọdún 1993, Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ló dá ọgbọ́n kan. Nínú ìjọ wọn, ohunkóhun tó bá jẹ́ tuntun ni wọ́n ń gbé wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá ránṣẹ́ sí Wándé pé kó mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá sí Ẹgbẹ́dá. Ó rò pé bí ọkọ òun bá rí i pé Ọlọ́run ni wọ́n ń dúpẹ́ fún lórí ìwé náà, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé, kò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ́ṣọlá mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀, àyà rẹ̀ sì là nígbà tí Pásítọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ Wándé, tó yíjú sí Alàgbà Lazarus, tó ní kó bá ìjọ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí.

Alàgbà fi awò sójú. Ohùn rẹ̀ ròkè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ náà ti gbọ́ràn, ohùn náà wálẹ̀. Nígbà tó dé ibi ohùn ọmọdé nínú ilé, díẹ̀ ló kù kó má gbọ́ ara rẹ̀. "Ó gbé ọwọ́ sókè," ó kà. Ó yí ìwé náà wò síwá, ó yí i wò sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan mọ́. Àwọn ìyá ìjọ ń sọ láti ẹ̀yìn pé kí Bàbá parí ẹ̀. Ó fi ìwé lé Pásítọ̀ lọ́wọ́, ó lọ jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí Wándé tẹ̀ lé òun dé ilé. Wándé dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, Alàgbà kò ní kó dìde. Ó bi í pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ ilé òun fún un. Wándé kò mọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Alàgbà yíjú sí Ọmọ́ṣọlá, ó ní ọmọbìnrin náà ló tú àṣírí bàbá rẹ̀ fún ọkùnrin, tí wọ́n sì jọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ìjọ.

Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀. Ó ní ìwé náà ti wà ní kíkọ tán kí òun tó mọ Wándé, ọjọ́ tó parí rẹ̀ wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn, lọ́dún 1989.

"Ibi tó dúró sí nìkan ni tèmi, Bàbá. N kò lè kà á kọjá ibẹ̀ kí n má rántí Olúyínká. Wándé ò mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n títí di òní."

Orúkọ tí wọn kì í pè ti jáde. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá fi ìborùn bojú. Alàgbà wá dojú kọ Wándé.

"Ìtàn tí o kọ yìí, òótọ́ ni tàbí irọ́?"

Ọmọ́ṣọlá mọ̀ pé ìdáhùn yìí ni yóò pinnu gbogbo rẹ̀. Bó bá ní irọ́ ni, ó parí. Bó bá ní òótọ́ ni, irọ́ nìyẹn.

"Òótọ́ wà níbẹ̀, sà, irọ́ sì wà níbẹ̀," Wándé dáhùn. "Ìyá mi ni ọmọ tí wọ́n lé. Wọ́n lé wọn nítorí bàbá mi. Gbogbo ohun tí mo kọ títí dé ẹnu ọ̀nà yẹn, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ti purọ́. Bàbá wọn ò wá."

"Kò wá rárá?"

"Rárá, sà. Ìyá mi retí wọn fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbá ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní bí bàbá àwọn bá dé, kó má bá ìdọ̀tí. Ọdún 1988 la sin wọ́n. Mo wá jókòó, mo mú bàbá náà wá nínú ìwé. Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Ẹ forí jì mí, sà."

Alàgbà Lazarus bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó ní kí Wándé dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó jáde, ó ti wọ agbádá funfun tó ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn alàgbà. Ó bi Ọmọ́ṣọlá pé ṣé ó mọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá ní òun mọ̀ ọ́n. Kò bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n jọ wọkọ̀ lọ sí Ọlọ́runṣògo.

Olúyínká ń fọṣọ níta. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀, aṣọ tó ń fọ̀ bọ́ sínú abọ́. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, nínú omi ọṣẹ. Alàgbà dúró. Gbogbo àdúrà tí ọkùnrin náà ti gbà láyé, kò rí ọ̀kan mú níbẹ̀.

"Yínká, mo pẹ́," ni gbogbo ohun tó lè sọ.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Olúyínká dá a lóhùn, ó sì bú sẹ́kún.

Roheem sáré dé láti ìsọ̀ rẹ̀, ìyẹ̀fun pákó kún gbogbo irun orí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alàgbà fà á dìde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn pákó náà kúrò lórí rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, Zubaidah, ọmọ ọdún márùn-ún, wá wo bàbá àgbà yìí láti òkè dé ilẹ̀, ó bi í bóyá ó fẹ́ mu omi. Alàgbà ní òun fẹ́ mu ún. Ó mu ún tán, ó sì ní kó tún bù wá. Ọmọ́ṣọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Kò sọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀. Ó rò pé oore tó tó nìyí, kóun má tún bèèrè òmíràn lọ́jọ́ kan náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ ní kó mú òun lọ sí Akínyẹlé. Wándé ń tú ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé nígbà tí wọ́n dé, ìpayà sì mú un. Alàgbà kò jókòó. Ó ní kó fi ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí han òun. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni, abẹ́ igi ọsàn kan. Alàgbà ṣí fìlà, ó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún àgbà tó ń dùn ún, àwọn méjèèjì sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Olúwa," ó ní, "mo dúpẹ́ fún arábìnrin tó sùn síbí. Bàbá rẹ̀ ò wá. Mo bá bàbá rẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó retí retí kò rí i, ìretí rẹ̀ ló mú èmi dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Olúwa, n kò mọ̀ ọ́n rí, n kò sì ní ohun tí mo lè fi san án fún un."

Wándé ń sunkún bí ọmọdé, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. Alàgbà na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó mú ọwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ kan ló kù nílé mi," ó ní. "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ, kí wọ́n wá mú un."